Ta Ni Ó Ni Orúkọ Ọ̀fadà?

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, bí oníṣòwò kan ní Minna níhìn-ín bá ra ìrẹsì tí a gbìn sí àkùrọ̀ Ìpínlẹ̀ Niger, tí ó dì í sínú àpò, tí ó sì kọ “Ọ̀fadà” sí i lára, ta ni yóò pè é lẹ́jọ́?

Ìlú ni Ọ̀fadà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Òórùn àti adùn ìrẹsì náà ni ó mú kí àwọn ará Èkó máa san owó gọbọi lé e. Ẹni tí ó bá fi orúkọ rẹ̀ ta ìrẹsì mìíràn ń jẹ èrè iṣẹ́ tí kò ṣe.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí àwọn bá ti forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ CAC, àwọn ni ó ni orúkọ náà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Orúkọ ilé-iṣẹ́ lọ́tọ̀, àmì òwò lọ́tọ̀. Ọ́fíìsì mìíràn ní Àbújá ni ó ń rí sí àmì òwò, lábẹ́ òfin ọdún 1965. Òfin náà kì í sábà jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo gba orúkọ ìlú ṣe àmì òwò tirẹ̀. Èyí dára, ṣùgbọ́n oko tí kò lólóko, gbogbo ẹran ni yóò wọ̀ ọ́.

Apá 43 òfin kan náà fi ọ̀nà sílẹ̀ fún àmì ìfọwọ́sí. Ẹgbẹ́ kan yóò gbà á, yóò kọ ìlànà sílẹ̀: irú ìrẹsì wo, ilẹ̀ ibo, ọjọ́ mélòó ni a ó fi rẹ ẹ́ sínú omi. Ẹni tí ó bá pa ìlànà mọ́ ni yóò lò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gba àmì náà kò gbọdọ̀ máa ta irú ọjà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ń ta ìrẹsì kò lè gbà á. Ẹ ó dá ẹgbẹ́ mìíràn sílẹ̀ ni. (Mo mọ̀ pé orí ipò alága ni ìjà yóò ti kọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀.)

Àwọn kan ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ní 2005 ìjọba Etiópíà béèrè fún àmì òwò ní Amẹ́ríkà lórí orúkọ kọfí Yirgacheffe, Harar àti Sidamo. Nígbà tí ó di 2007, Starbucks bá wọn fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Ata Penja ti Kamẹrúùnù gba ààbò tirẹ̀ ní 2013.

Ohun tí ó le jù, lójú tèmi, ni irúgbìn. Àdàlù irú púpọ̀ ni ohun tí à ń pè ní Ọ̀fadà lónìí, àwọn abúlé tí ó jìnnà sí ìlú náà sì ń gbìn ín pẹ̀lú. Kí ẹgbẹ́ yín tó lọ bá agbẹjọ́rò, kí ó kó irúgbìn oko kọ̀ọ̀kan jọ, kí ó sì ké sí òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ agbègbè yín láti bá yín yà wọ́n sọ́tọ̀.