Oṣù mẹ́sàn-án lọmọ tiyín rìn, kí ló kàn wá ńbẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tèmi lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ti òṣèlú o, ọ̀rọ̀ inú ilé ni.

Ọmọ méjì ló wà nílé mi. Ẹ̀gbọ́n máa pé ọdún mẹ́ta lóṣù tó ń bọ̀, àbúrò ẹ̀ sì jẹ́ ọmọ oṣù 13. Ní Sátidé tó kọjá, ìyàwó mi gbé èyí kékeré jáde síta, ni màmá aládùúgbò wa kan bá wò ó títí. Wọ́n ní, "Ìyàwó wa, oṣù mẹ́tàlá, kò tíì rìn? Oṣù mẹ́sàn-án lèyí àbígbẹ̀yìn mi rìn o. Ẹ gbẹ́ ihò sínú yẹ̀pẹ̀, kẹ́ ẹ ri ẹsẹ̀ ẹ̀ mọ́lẹ̀." Kí n tó dé, ìyàwó mi ti sunkún, ojú ẹ̀ ti wú. Yẹ̀pẹ̀ wo la fẹ́ gbẹ́ nínú ọgbà tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ kanlẹ̀?

A gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ó bi wá pé ṣé ó ń dá jókòó? Ṣé ó ń di àga mú dìde? Ṣé ó ń yíjú tá a bá pe orúkọ ẹ̀? A ní bẹ́ẹ̀ ni. Nọ́ọ̀sì ní ká fi í lọ́rùn sílẹ̀.

Èmi náà wádìí ẹ̀. Lọ́dún 2006, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbé èsì ìwádìí jáde lórí àwọn ọmọ tára wọn le ní Ghana, India, Norway, Oman àti Amẹ́ríkà. Àwọn kan dá rìn ní nǹkan bí oṣù 8, àwọn mìíràn ò rìn títí di nǹkan bí oṣù 17 sí 18. Àwọn kan ò tiẹ̀ rákòrò rí tí wọ́n fi rìn!

Ṣùgbọ́n mi ò ní kẹ́ ẹ sùn lọ o. Bọ́mọ bá ti lé ní oṣù 9 tí kò lè dá jókòó, tó pé oṣù 18 tí kò rìn, tí kì í gbọ́ ariwo, tàbí tó dédé pàdánù ọ̀rọ̀ tó ti ń sọ tẹ́lẹ̀, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, kì í ṣe ẹnu aládùúgbò.

Èyí tó wá dùn mí jù ni ti ẹ̀gbọ́n. Ó ti pẹ́ tó ti fi títọ̀ sórí ẹní sílẹ̀. Àfi bí àbúrò ṣe ń dìde dúró, tí gbogbo ilé ń pàtẹ́wọ́ fún un, lòun náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀, tó ní ká pọn òun. Mo tiẹ̀ ti nà án lẹ́ẹ̀kan. Nọ́ọ̀sì ní owú ni, kì í ṣe àìgbọràn. Ká máa pọ́n òun náà lé, ká máa fi nǹkan rán an.

La bá ní kó máa kọ́ àbúrò ẹ̀ ní ìrìn. Ẹ wá wo iṣẹ́! Á di ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì mú, á ní, "Tẹ̀ẹ́! Tẹ̀ẹ́!" Àwọn méjèèjì á ṣubú, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Ó ti di ọjọ́ mẹ́ta báyìí tí ẹní gbẹ.

Èyí kékeré ò tíì rìn o. Tó bá rìn, ẹ máa gbọ́ lẹ́nu mi.