Kékeré La Ti Ń Pẹ̀ka Ìrókò: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìgbàgbé Ọjọ́ Ogbó

Bí àgbàlagbà bá ń béèrè ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín wákàtí kan, tàbí tí ó jáde nílé tí kò mọ ọ̀nà padà, ọ̀rọ̀ méjì ni ó sáábà máa ń ti ẹnu wa jáde. Àwọn aláàánú yóò ní ó ti ń ṣarán, pé bí ọjọ́ ogbó ti rí nìyẹn. Àwọn tí kò láàánú yóò pè é ní àjẹ́, pàápàá bí ó bá jẹ́ obìnrin tí wọ́n bá ní àgbàlá onílé lóru. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni wọ́n já sí: pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Èrò yìí kò tọ̀nà, ó sì ń pa wá lára.

Àrùn ni ìgbàgbé yìí. Ọpọlọ ni ó ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, títí tí iyè, ọ̀rọ̀ sísọ àti òye ibi tí ènìyàn wà yóò fi dàrú. Oríṣi tí ó wọ́pọ̀ jù ni èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní Alzheimer. Òmíràn a máa wáyé nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kò bá ráàyè dé ọpọlọ dáadáa. Lóòótọ́, bí ọjọ́ orí bá ti ń pọ̀ ni ewu rẹ̀ ń pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àgbà ni ó dàgbà dé 90 ọdún tí ìtàn ilé kò sọnù lẹ́nu wọn. Ní ọdún 2024, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé kalẹ̀ ka ohun 14 tí ó ń dá kún ewu náà, tí ó sì ṣeé dín kù. Lára wọn ni ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, sìgá, ọtí àmujù, ìjókòó-sójú-kan, etí dídi, ìdánìkanwà àti èéfín inú afẹ́fẹ́. Wọ́n ní bí a bá lè mú gbogbo wọn kúrò, ó ṣeé ṣe kí a dènà nǹkan bí 45 nínú ọgọ́rùn-ún àrùn yìí, tàbí kí a mú kí ó pẹ́ kí ó tó dé.

Ẹ̀rí tí ó sún mọ́ àwa ọmọ Yorùbá jù lọ wà ní Ìbàdàn. Ní ọdún 1992, olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọṣúntókun, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì àti àwọn akẹgbẹ́ wọn ní Ìbàdàn dara pọ̀ mọ́ àwọn onímọ̀ Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ń tọ àwọn àgbàlagbà ẹni ọdún 65 sókè lọ láti ilé dé ilé ní àdúgbò Ìdíkàn, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn adúláwọ̀ ìlú Indianapolis. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2001 fi hàn pé, lọ́dọọdún, 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún ni àrùn ìgbàgbé ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní Ìbàdàn; ní Indianapolis, 3.24 ni. A kò lè sọ pé nítorí pé àwọn tiwa kì í pẹ́ láyé ni, nítorí ọjọ́ orí kan náà ni wọ́n fi díwọ̀n ìhà méjèèjì.

Ṣé àjogúnbá ni? Àbùdá kan tí wọ́n ń pè ní APOE4, tí ó ń fa ewu Alzheimer láàárín àwọn aláwọ̀ funfun, wọ́pọ̀ ní Ìdíkàn bí ó ti wọ́pọ̀ ní Indianapolis. Síbẹ̀, ní Ìdíkàn, kò fi bẹ́ẹ̀ bá àrùn náà rìn. Ohun tí ó yàtọ̀ gedegbe ni ìgbé ayé. Ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àti sísanra jù kéré ní Ìdíkàn. Iṣu, ọkà, ẹ̀fọ́ àti ẹja díẹ̀ ni oúnjẹ wọn. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn lọ sọ́jà. Agbo ilé sì kún fún ọmọ àti ọmọ ọmọ. Ẹnikẹ́ni kò lè nàka sí ẹyọ kan nínú wọn pé òun ni oògùn, ṣùgbọ́n àpapọ̀ wọn kì í ṣe ohun tí à ń gbójú fò.

Àwa tí a wà láyé lónìí ti ná púpọ̀ nínú ogún yẹn. Ọ̀kadà ni à ń gùn dé ìkóríta tí kò jìnnà. Ẹlẹ́rìndòdò ti di omi mímu, èéfín jẹnẹrétọ̀ ti di afẹ́fẹ́ alẹ́. Baba nìkan ń gbé ilé alájà méjì, àwọn ọmọ wà ní London àti Houston, owó nìkan ni ó ń wọlé. Èmi kò ní kí a padà sí ayé àtijọ́: ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn àgbà Ìdíkàn kò ní àǹfààní ilé ìwé, àìkàwé náà sì wà lára ohun 14 tí mo mẹ́nu bà. Ohun tí ó dára nínú tiwọn ni kí a mú, kí a fi kún tiwa.

Bí ó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo ni a óò kọ́kọ́ dojú kọ, ẹ̀jẹ̀ ríru ni kí ó jẹ́. Láti nǹkan bí 40 ọdún ni ó ti ń ba iṣan ọpọlọ jẹ́ láìpariwo. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2019, kó àwọn ènìyàn tó ju 9,000 jọ. Àwọn tí wọ́n mú kí ẹ̀jẹ̀ ríru wọn lọ sílẹ̀ dáadáa ni ìgbàgbé tó máa ń ṣáájú àrùn yìí kò fi bẹ́ẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, ẹni tí wọ́n sọ fún pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru yóò ní kì í ṣe ìpín òun. Ẹni tí ó gbà yóò lo oògùn fún oṣù kan, ara yóò tù ú, yóò sì dá a dúró.

Ó yẹ kí ìjọba rí i pé ẹ̀rọ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, kí oògùn rẹ̀ má sì kọjá agbára alákàrà. Ó yẹ kí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí máa ṣe àyẹ̀wò náà lẹ́yìn ìsìn. Kí àwọn ọmọ tó wà lókè òkun wá ẹni tí yóò máa bá baba tàyò, kí wọ́n sì tọ́jú etí tí kò gbọ́ràn mọ́. Bí a bá sì rí ìyá arúgbó tó ṣìnà lóru, kí a wá ilé rẹ̀ kàn, kí á má wá òkúta.

Ẹ̀yin tí ẹ ti lé ní 40 ọdún, ìgbà wo ni ẹ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru gbẹ̀yìn?