Owó Ọkùnrin Kan, Opó Méjì

Mọ́tò tó bá gbéra ní Òjóò n'Ìbàdàn, tó gba ọ̀nà àtijọ́ lọ sí Ọ̀yọ́, Fìdítì ni yóò kọ́kọ́ kàn kó tó dé Ìlọrà. Lásìkò ọsàn, agbọ̀n àti báàfù a máa kún ẹ̀gbẹ́ títì Fìdítì, àwọn obìnrin tó to ọsàn ní márùn-ún márùn-ún á sì gbé e sókè bí dírẹ́bà bá ti rọra báyìí. Ẹ bá mi mú obìnrin méjì nínú ìjọba ìbílẹ̀ Afijió yìí, ọ̀kan ní Ìlọrà, èkejì ní Fìdítì. Ọkọ kan náà ló kú fún àwọn méjèèjì. N ò sọ ìtàn ẹnì kan pàtó o. Àpẹẹrẹ ni mo ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jókòó rí sórí bẹ́ǹṣì ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń sanwó ìfẹ̀yìntì yóò mọ̀ pé irú wọn kò ṣọ̀wọ́n.

Tíṣà ni ọkùnrin náà. Ní 1986, àwọn ẹbí rẹ̀ gbé ìdána lọ sílé àwọn àna ní Ìlọrà: iṣu, oyin, obì, orógbó, owó orí. Wọ́n wúre, wọ́n fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́, ó parí. Kò síwèé kankan. Ta ló ń béèrè ìwé nígbà náà? Nígbà tó fi máa di 1999, wọ́n ti gbé bàbá lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Fìdítì, ó ti ń sùn síbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, ó sì ti rí obìnrin kan tó ń ta èso. Àwọn òbí obìnrin yìí ní àwọn ò fẹ́ ìgbéyàwó ẹnu lásán. Ni tọkọtaya bá lọ sí rẹ́jísìrì n'Ìbàdàn. Ọkùnrin náà búra pé kò sí ìdíwọ́ kankan, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé, wọ́n sì fún obìnrin náà ní ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó, èyí tí òfin ń pè ní Form E. Ó fi ọ̀rá wé e, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ aṣọ òkè nínú àpótí.

Bàbá fẹ̀yìn tì. Nígbà tó di ọdún kẹta, ó kú.

Ọ́fíìsì tó ń sanwó kì í béèrè ẹni tó sunkún jù. Fáìlì ni wọ́n ń ṣí. Fọ́ọ̀mù kan wà nínú fáìlì náà tí ọkùnrin yìí kọ lọ́jọ́ tó gba iṣẹ́, yíǹkì báírò ti ṣá lórí rẹ̀, etí ìwé ti pọ́n. Níbi tí wọ́n ti béèrè next of kin, orúkọ ìyá rẹ̀ ló kọ síbẹ̀. Ìyá sì ti kú tipẹ́. Kò sẹ́ni tó pè é pé kó wá tún un kọ. Òun náà ò sì yà sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gbé ìyàwó méjì sílé lẹ́yìn ọjọ́ náà, ó bímọ, ó sin ìyá, ó kọ́lé.

Kí gan-an ni wọ́n ń jà sí? Lábẹ́ òfin owó ìfẹ̀yìntì 1979, tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba lo gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ wọn lábẹ́ rẹ̀, ẹni tó bá ṣiṣẹ́ fún ọdún 35 ní ẹ̀tọ́ sí gírátúítì tó tó owó ọdún mẹ́ta, àti owó oṣooṣù tó jẹ́ 80 nínú 100 ohun tó ń gbà kẹ́yìn. Bó bá kú kí ọdún márùn-ún tó pé lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, wọ́n á san ìyókù ọdún márùn-ún náà fún àwọn tó fi sílẹ̀. Ó parí síbẹ̀. Opó tí ọkọ rẹ̀ fọwọ́ rọrí kú lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì kì í gba owó oṣù ọkọ títí dọjọ́ alẹ́. Nítorí náà, owó oṣù ọdún méjì ló kù fún àwọn obìnrin wa yìí, pẹ̀lú gírátúítì tí ìjọba ò tíì san. Ẹni tó bá wà lábẹ́ òfin 2014, níbi tí òṣìṣẹ́ ti ń dá 8 nínú 100, tí agbanisíṣẹ́ ń dá 10 lé e, ọ̀nà tirẹ̀ tilẹ̀ tún há sí i. Ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó náà ò ní tú u sílẹ̀ àfi tí ẹbí bá mú ìwé ìhágún tí kóòtù ti fọwọ́ sí wá, tàbí ìwé àṣẹ láti máa ṣàkóso dúkìá òkú, èyí tí wọ́n ń gbà ní ilé ẹjọ́ gíga. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú fọ́ọ̀mù kì í ṣe àrólé lójú òfin. Ẹni tí wọ́n máa ránṣẹ́ sí ni.

Ìyá Fìdítì gbé Form E jáde. Ìyá Ìlọrà ò ní nǹkan kan lọ́wọ́ ju fọ́tò kan tó ti ń di pupa, níbi tó ti kúnlẹ̀ níwájú àwọn àgbààgbà. Ẹ ó rò pé ẹni tó níwèé ló borí. Òfin Ìgbéyàwó wa ò sọ bẹ́ẹ̀. Abala 33 rẹ̀ ní ìgbéyàwó rẹ́jísìrì kò dúró bí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì bá ti ní ọkọ tàbí aya mìíràn lábẹ́ àṣà ìbílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1972 nínú ẹjọ́ Osamawonyi: obìnrin kan ti lọ́kọ lábẹ́ àṣà Ẹ̀dó kó tó lọ ṣe ti rẹ́jísìrì pẹ̀lú ẹlòmíràn, kóòtù sì ní òfo ni èyí tó ṣe kẹ́yìn. Ká ní ìyá Ìlọrà ni wọ́n ṣe ti rẹ́jísìrì fún ní 1986, tí wọ́n wá gbé ìdána lọ sí Fìdítì ní 1999, ìdána ni ìbá di òfo, abala 35 ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ni òfin ń wò lọ́nà méjèèjì, yálà ó níwèé tàbí kò ní.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ńkọ́? Nílẹ̀ Yorùbá, ohun méjì ni kóòtù ń wá fún ìgbéyàwó ìbílẹ̀: pé wọ́n san owó orí, àti pé wọ́n fa ìyàwó fún ọkọ. Ẹnu ènìyàn nìkan ni ẹ̀rí wọ̀nyí wà. Alága ìdúró ọjọ́ náà ti kú. Àbúrò bàbá ìyàwó tó ka owó orí ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ l'Ékòó, ó ti ń gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ tirẹ̀ pàápàá. Ìyàwó bàbá tó gbé omi tútù fún àwọn àlejò ló kù, ọkàn ẹbí ò sì balẹ̀ pé yóò lè dúró níwájú lọ́yà tó ń bi í léèrè ọjọ́ àti oṣù. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún ni ẹ̀rí obìnrin yìí ń bọ́ sínú sàréè lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ká ní ó rí ẹlẹ́rìí. Ká ní adájọ́ ní òun ni opó, pé ti Fìdítì kì í ṣe ìyàwó. Ibi tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, torí ní ọjọ́ tó bá borí gan-an ni yóò gbọ́ pé owó náà kì í ṣe tirẹ̀. Nígbà tí ìgbéyàwó rẹ́jísìrì ti fọ́, àṣà ìbílẹ̀ ló kù tí yóò pín ogún, àṣà wa sì ní ẹ̀jẹ̀ ni ogún ń tẹ̀ lé. Láti 1929 nínú ẹjọ́ Sogunro-Davies ni kóòtù ti sọ pé ìyàwó kì í jogún ọkọ nílẹ̀ Yorùbá. Ní 1997, nínú ẹjọ́ Akinnubi, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tún un sọ, wọ́n tilẹ̀ ní opó ò lè gba ìwé àṣẹ láti máa ṣàkóso dúkìá ọkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ ló ni í. Ọmọ ìdílé méjèèjì ni mo sì ń wí, torí òfin ilẹ̀ wa, ní abala 42, kò gbà kí a fi ipò tí wọ́n bí ọmọ sí dù ú ní ohunkóhun. Ìdí igi ni wọ́n máa fi pín in, gẹ́gẹ́ bí ẹjọ́ Dawodu àti Danmole tó dé ọ̀dọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀n ní 1962 ṣe fìdí rẹ̀ múlẹ̀: ọkùnrin kan kú l'Ékòó, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀, iye ìyá ni wọ́n fi pín ogún, kì í ṣe iye ọmọ.

Nítorí náà, bí ìyá méjì wọ̀nyí bá na owó lọ́yà tán, ìdajì ọmọ Ìlọrà, ìdajì ọmọ Fìdítì. Ibi tí ẹbí ì bá ti parí rẹ̀ ní ọjọ́ kẹjọ òkú náà ni.

Òfin mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. Obìnrin tí wọ́n ṣe rẹ́jísìrì tòótọ́ fún, tí ìgbéyàwó rẹ̀ dúró, ní ìpín tirẹ̀ nínú dúkìá ọkọ lábẹ́ òfin Ìwọ̀-Oòrùn 1959. Láti ìgbà ẹjọ́ Cole ní 1898 l'Ékòó ni kóòtù ti ń ti ìyàwó ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn, nígbà tí arákùnrin ọkọ wá ní òun ni àṣà ní kó kó ẹrù. Ìyẹn ni pé obìnrin méjì tí wọ́n dáná fún ọkùnrin fún ọgbọ̀n ọdún, òfin lè fún ọ̀kan ní ìpín, kó sì sọ fún èkejì pé ọmọ rẹ̀ ni yóò máa bọ́ ọ. Ní 2014, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ bá àṣà ilẹ̀ Ígbò tó ń lé opó jáde wí kíkankíkan. Èmi ń retí ọjọ́ tí ẹnì kan yóò gbé ti Akinnubi padà síwájú wọn.

Ìdí tí mo fi ń retí rẹ̀ nìyí. Owó ìfẹ̀yìntì kì í ṣe ilẹ̀ bàbá ńlá. Owó iṣẹ́ ni, ìjọba kàn dá a dúró sẹ́yìn ni. Ẹ rántí 2015, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, Ọ̀yọ́ wà lára wọn, jẹ àwọn òṣìṣẹ́ lówó oṣù títí ìjọba àpapọ̀ fi yá wọn lówó. Kí ni wọ́n ń jẹ nílé tíṣà láwọn oṣù yẹn? Owó ọsàn ni. Owó gààrí àti èlùbọ́ ni. Ìyá Fìdítì ń jí ní aago márùn-ún lọ pàdé àwọn tó ń já ọsàn nínú oko, ó ń ra ní àwìn, ó ń tà, ó ń fún bàbá lówó mọ́tò lọ síléèwé tí wọn ò ti sanwó fún un. Ìyá Ìlọrà ń fi owó èlùbọ́ san owó WAEC àwọn ọmọ. Ìjọba ka gbogbo oṣù yẹn mọ́ ọdún 35 tí bàbá fi sìn ín. Ta ló wá sìn ín gan-an? Àwọn obìnrin wọ̀nyí ló yá ìjọba lówó, láìgba ìwé, láìgba èlé. Òfin tó bá wo ẹni tó kọ́kọ́ dé nìkan, tàbí ẹ̀jẹ̀ nìkan, kò tíì wo ìwé gbèsè tó wà nínú ilé yẹn.

Àwa nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ń dà láàmú. Ní 2000, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Íńdíà gbọ́ ẹjọ́ Rameshwari Devi, opó òṣìṣẹ́ ìjọba kan ní Bihar tó fi ìyàwó méjì sílẹ̀. Wọ́n ní ìyàwó kejì ò ní ẹ̀tọ́ kankan, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ yóò pín nínú owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ń san fún ẹbí. Ní Gúúsù Áfíríkà ní 2013, opó méjì dé ilé ẹjọ́ òfin ilẹ̀ wọn lórí ọkùnrin kan tó fẹ́ wọn ní 1984 àti 2008. Àwọn adájọ́ sọ pé láàárín àwọn Tsonga, ìyàwó àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí èkejì tó lè jẹ́ ìyàwó. Ìdájọ́ yẹn wù mí, torí ó fi ìbéèrè síbi tó yẹ: ó yẹ kí ọkùnrin sọ̀rọ̀ nígbà tó wà láàyè.

Tiwa ò sọ ọ́. Ó búra èké ní rẹ́jísìrì, ó fi orúkọ òkú sílẹ̀ nínú fáìlì, ó sì kú. Ìjọba náà bá a lọ́wọ́ sí i. Nígbà àyẹ̀wò àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì, wọ́n á pe bàbá arúgbó jáde, kó wá tò sínú oòrùn, kí wọ́n lè fojú rí i pé ó ṣì wà láàyè. Kí ló dé tí wọn ò kọ fọ́ọ̀mù tuntun fún un níbẹ̀, kí ó dárúkọ gbogbo ìyàwó àti ọmọ rẹ̀, kó sọ ohun tó fẹ́ kí wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan? Bàbá tó bá kọ ìwé ìhágún lè fún ìyá Fìdítì ní ìpín tí kóòtù ò ní lè fún un láéláé.

Owó náà kò sì dúró dè wọ́n. Ká ní gírátúítì ọ̀hún jẹ́ mílíọ̀nù méjì náírà, tí ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023. Lọ́jọ́ náà, lítà bẹntiróòlù kò tíì tó 200 náírà níléepo ìjọba. Owó yẹn lè ra ju 10,000 lítà lọ. Kí 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,000 náírà, owó kan náà kò lè ra 2,000 lítà mọ́. Kò sí àna tó jí i, kò sí lọ́yà tó gbé e mì. Ó kàn jókòó ni. Ìsúnsíwájú ẹjọ́ mẹ́ta mẹ́rin, adájọ́ tí wọ́n gbé lọ síbòmíràn, ìyanṣẹ́lódì àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù, ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún owó tíṣà ọdún 35 ti lọ.

A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbà lọ sílé láti Ìbàdàn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá sún ẹjọ́ síwájú, àwọn obìnrin méjèèjì á pàdé ní Òjóò, nínú bọ́ọ̀sì tó kù síjókòó méjì. Ọ̀kan á wọlé lẹ́yìn èkejì, wọn ò ní kíra. Àpò ìwé á wà lórí ẹsẹ̀ ọ̀kan, fọ́tò pupa nínú báàgì èkejì. Ní Fìdítì, àwọn tó ń ta ọsàn á sáré wá síbi fèrèsé, wọ́n á rí ojúlùmọ̀ wọn tó ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á kí i pé ẹ kú àbọ̀. Ìyá Ìlọrà á ra ọsàn márùn-ún nípasẹ̀ fèrèsé, bọ́ọ̀sì á sì máa lọ.