Èjìká Tí A Rán Kì í Ṣe Bùbá

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń kun ọ̀dà ní Ifẹ̀ níbí ṣe iṣẹ́ abẹ èjìká. Oṣù kan kò tíì pé tó fi gun àkàbà, ó ní ara òun ti le. Ni iṣan tí wọ́n rán bá tún já! Owó ata ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n fi ń jẹun báyìí.

Ẹ gbọ́ o: egungun kan bo èjìká bí òrùlé, abẹ́ rẹ̀ ni iṣan tó ń gbé apá sókè gbà. Lọ́dún 1986, dókítà Bigliani àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ l'Amẹ́ríkà pín in sí mẹ́ta: ti ẹlòmíì tẹ́jú, ti ẹlòmíì tẹ̀, ti ẹlòmíì ká bí ìwọ̀ ẹja. Èyí tó ká lè máa ha iṣan. Ṣùgbọ́n egungun nìkan kọ́ o: ọjọ́ orí, ìtọ̀ ṣúgà àti sìgá náà máa ń jẹ́ kó pẹ́ kó tó san.

Òwú kàn ń di iṣan mú ni. Iṣan fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ hù mọ́ egungun. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé apá kọ́ ọrùn fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, tí ẹrù wúwo sì di bí oṣù 6.

Bí dókítà bá ní kí ẹ sinmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sinmi. Àkàbà ò ní sá lọ.