Ọ̀pọ̀lọ́ ló bá wa dá sí ìjà náà

Ọ̀rọ̀ iná ló dá wàhálà sílẹ̀ nínú ilé tá à ń gbé ní Ailegun. Mítà kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń lò, owó la máa ń dá jọ tá a fi ń ra iná sí i. Ìyá Ìbejì ní fíríìjì Ìyá Alákàrà ló ń jẹ ẹ́ tán. Ìyá Alákàrà ní áyọ́ọ̀nù Ìyá Ìbejì ńkọ́? Bí wọn ò ṣe kí ara wọn mọ́ nìyẹn, fún oṣù méjì gbáko.

Tàwọn ọmọ ló dùn mí jù. Àwọn tó ń jẹun nínú abọ́ kan náà tẹ́lẹ̀, wọ́n ní wọn ò gbọdọ̀ bá ara wọn ṣeré mọ́. Tí wọ́n bá pàdé ní kọ̀rídọ̀, ńṣe ni wọ́n ń dojú bolẹ̀ bíi ẹni tó jẹ gbèsè.

Lálẹ́ Sátidé kan, mo ní kí gbogbo wọn wá wo kátúùnù ní pálọ̀ mi. Wọ́n ní Tom and Jerry ni káwọn wò. Mo ní rárá o! Látọdún 1940 tí William Hanna àti Joseph Barbera ti dá a sílẹ̀ ni ológbò àti eku yẹn ti ń jà, wọn ò tíì parí ẹ̀. Ti ìtòsí wa ni mo fẹ́.

Moustapha Alassane, ọmọ orílẹ̀-èdè Niger tó kú lọ́dún 2015, ló ya èyí tá a wò. Lọ́dún 1966 ló ṣe é, Bon voyage, Sim lorúkọ ẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ ni Sim, ààrẹ àwọn ọ̀pọ̀lọ́ sì ni. Ó lọ kí ààrẹ ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ nílùú kejì, wọ́n ṣe é lálejò dáadáa, àmọ́ ìgbà tó máa fi padà dé, wọ́n ti gbàjọba lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ rántí pé lóṣù kìíní ọdún 1966 yẹn làwọn ológun gbàjọba níbí, tí wọ́n sì lé Kwame Nkrumah ní Ghana lóṣù kejì, nígbà tóun náà wà nírìn-àjò ní China. Ta ni ò mọ̀ pé ọ̀pọ̀lọ́ yẹn kì í ṣe ọ̀pọ̀lọ́? Alassane tún ṣe Kokoa lọ́dún 2001, ẹranko ló ń jìjàkadì nínú ìyẹn.

Àwọn ìyá wá pe ọmọ wọn, ọ̀kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, èkejì ń wò láti ojú fèrèsé. Bí Sim ṣe délé tí wọ́n gbàjọba, ọ̀kan nínú àwọn ìbejì pariwo pé, "Mọ́mì, ṣé torí owó iná ni wọ́n ṣe lé e?"

Ẹ̀rín pa Ìyá Alákàrà. Ó pa Ìyá Ìbejì náà. Wọn ò sọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àmọ́ nígbà tílẹ̀ mọ́, mo gbọ́ "Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá Ìbejì" ní kọ̀rídọ̀, mo sì gbọ́ ìdáhùn. Owó iná ṣì wà nílẹ̀, a ò tíì parí ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ti padà sídìí eré wọn.

Ká ní èmi ni mo là á mọ́ wọn lójú, mi ò bá ti di ẹni kẹta nínú ìjà náà. Ìdí nìyẹn táwọn àgbà fi gbé ọ̀kánjúwà ru Ìjàpá, tó bá Ajá lọ jí iṣu tó sì kó ju agbára ẹ̀ lọ. Ẹranko ni wọ́n dárúkọ, ẹni tọ́rọ̀ kàn á mọ ara ẹ̀.

Àwọn ọmọ wa ti ń gbìyànjú o. Lọ́dún 2020, wọ́n gbé Lady Buckit and the Motley Mopsters jáde. Lọ́dún 2024, àwọn ọmọ Kugali bá Disney ṣe Iwájú, Èkó yìí gan-an ni wọ́n yà síbẹ̀. Ó dáa, àmọ́ èdè òyìnbó ni wọ́n fi ṣe é. Ìjàpá àti Ajá lédè Yorùbá, tí màmá àgbà náà á fi bá ọmọ-ọmọ ẹ̀ rẹ́rìn-ín, òun là ń retí.

Kó tó dé, ẹ má kàn ju fóònù sọ́mọ lọ́wọ́ kẹ́ ẹ sì bá tiyín lọ. Ẹ jókòó tì í, kẹ́ ẹ jọ wò ó. Ó lè jẹ́ ìjà tiyín lẹ máa rí níbẹ̀. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.