Iṣẹ́ Tí A Ṣe Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Láti Ìkẹjà títí dé Agége, àti láti ibẹ̀ bọ́ sí Abúlé Ẹ̀gbá, kò sí àdúgbò tí a kì í ti í gbọ́ ọ̀rọ̀ Kánádà lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ nísinsìnyí. Wọ́n ń fẹ́ gba ìwé àṣẹ tí yóò jẹ́ kí wọ́n máa gbé ibẹ̀ títí. Àwa kò ní bá wọn jà. Ohun tí ó dùn wá ni pé púpọ̀ nínú wọn mọ iṣẹ́ wọn dájú, ṣùgbọ́n wọn kò ní ìwé kan ṣoṣo tí ó lè jẹ́rìí sí i.

Láti ọdún 1967 ni Kánádà ti ń fi máàkì díwọ̀n ẹni tí ó fẹ́ wá fi ibẹ̀ ṣe ilé. Nínú ètò Express Entry tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2015, ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Federal Skilled Worker gbọ́dọ̀ ní máàkì 67 nínú 100. Ìrírí iṣẹ́ ọdún kan mú 9 wá. Ti ọdún mẹ́fà sókè mú 15. Ọdún kan náà kò gbọdọ̀ já láàárín, wákàtí 1,560 ni wọ́n sì kà á sí, èyíinì ni 30 lọ́sẹ̀. Ọmọ wa tí ó ń ṣe iṣẹ́ òru mọ́ ti ọ̀sán, tí wákàtí rẹ̀ ń pé 60 lọ́sẹ̀, kò lè fi oṣù mẹ́fà di ọdún kan: 30 péré ni wọn yóò kà fún un. Iṣẹ́ tí a kò san owó fún kò sì sí nínú ìṣirò rárá.

Níhìn-ín ni ọ̀ràn ti le. Ẹni tí ó fi ọdún mẹ́rin kọ́ iṣẹ́ jórinjórin lọ́dọ̀ ọ̀gá láìgba kọ́bọ̀ kò ní rí ọjọ́ kan kà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó ń ṣe kázúà nílé-iṣẹ́, tí agbaṣẹ́ṣe ń ka owó lé lọ́wọ́ ní ìparí ọ̀sẹ̀, ṣiṣẹ́, ó sì gbowó; ta ni yóò kọ lẹ́tà fún un? Lẹ́tà tí Kánádà ń bèèrè gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé tí a tẹ orúkọ ilé-iṣẹ́ sí. Kí ó sọ ipò òṣìṣẹ́, ohun tí ó ń ṣe gan-an, ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó parí, wákàtí rẹ̀ lọ́sẹ̀ àti owó rẹ̀ lọ́dún. Kí ọ̀gá sì fọwọ́ sí i. Àwọn ènìyàn wa gbẹ́kẹ̀ lé ìwé ìbúra kóòtù bí ẹni pé oògùn gbogbo-ǹ-ṣe ni. Ẹni tí ó dá iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ kò lè fi í ṣe ẹ̀rí lọ́dọ̀ àwọn ará Kánádà. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ iṣẹ́, ẹ̀rí owó tí ó wọlé, àti ìwé láti ọwọ́ oníbàárà tí ó sanwó ni wọ́n ń fẹ́. Ní ti àwọn tí ń ta lẹ́tà ayédèrú, kí oníbàárà wọn mọ̀ pé ọdún márùn-ún ni Kánádà fi ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí ó bá purọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ní ọdún 2025, Kánádà fi iṣẹ́ olùkọ́ kún àwọn iṣẹ́ tí ó ń yàn láàyò nínú ètò yìí. Mélòó nínú àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni wa ni ó ní ìwé ìgbanisíṣẹ́ lọ́wọ́?

Àwọn agbanisíṣẹ́ kan ń wí pé bí àwọn bá kọ lẹ́tà, òṣìṣẹ́ yóò sá lọ. Àwáwí lásán! Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1974 pàṣẹ pé kí a fún òṣìṣẹ́ ọwọ́ àti akọ̀wé ní ìwé tí ó sọ irú iṣẹ́, owó àti wákàtí wọn kí oṣù mẹ́ta tó pé. Ẹni tí kò ní kúrò ní Abúlé Ẹ̀gbá láé pàápàá nílò rẹ̀, bí ó bá fẹ́ yá owó ní báǹkì, tàbí bí wọ́n bá lé e lẹ́nu iṣẹ́ láìtọ́.

Nítorí náà, kí àwọn tí a dìbò fún bèèrè lọ́wọ́ Ilé-iṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ tí ó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ilé-iṣẹ́ mélòó ní agbègbè yìí ni àwọn alábẹ̀wò rẹ̀ ti wò bóyá wọ́n ń pa òfin náà mọ́. Kí àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ ní ìwé tí wọn yóò máa kọ ọjọ́ àti owó ọmọ iṣẹ́ sí. Kí òṣìṣẹ́ sì bèèrè lẹ́tà rẹ̀ nísinsìnyí, nígbà tí ọ̀gá tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ láti fọwọ́ sí i.