Ìtàn Ìgbésí-Ayé Kì Í Ṣe Ìwé Ètò Ìsìnkú

Ẹ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ wa kan kọ ìtàn ìgbésí-ayé ẹnì kan. Kí ó tó mú gègé, a ti mọ ohun tí yóò kọ: wọ́n bí ẹni náà sínú ẹbí ọlọ́lá, ó kàwé, ó ṣiṣẹ́ takuntakun, ó bẹ̀rù Ọlọ́run, ó lawọ́, ó sì fi ọmọ àti ọmọ-ọmọ sáyé lọ. Kò ṣìṣe rí. Kò jẹ gbèsè rí. Èdè-àìyedè kò wọ ilé rẹ̀ rí. Èyí kì í ṣe ìtàn ènìyàn. Ìwé ètò ìsìnkú ni. Àwa olùkọ́ ni a sì jẹ̀bi, nítorí pé àwa ni à ń fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní máàkì.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ mi a máa sọ pé àṣà ni, pé Yorùbá kì í sọ̀rọ̀ òkú láìdára. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá tẹ́tí sí oríkì àwọn ológun yóò gbọ́ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ta sílẹ̀ pẹ̀lú akin tí wọ́n ṣe. Àwọn tí ń ki Ṣàngó kò fi ìbínú rẹ̀ pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn baba wa mọ̀ pé ẹni tí a bá bọ́ gbogbo àbùkù kúrò lára rẹ̀, a kò ní lè dá a mọ̀ mọ́.

Àìsàn kejì tún wà. Ẹni tí a kò bá sọ di áńgẹ́lì, a ó sọ ọ́ di òǹrorò. Ẹ jẹ́ kí á mú Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, tí ó kú ní 1874, gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Mo ti ka iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó sọ pé májèlé ni obìnrin náà mu kú. Níbo ni wọ́n ti rí i? Nínú eré-onítàn Akínwùmí Ìṣọ̀lá tí ó jáde ní 1970. N kò bá Ìṣọ̀lá ṣẹjọ́. Eré ni ó kọ, ó sì kọ ọ́ dáadáa. Ẹni tí ó sọ eré di ẹ̀rí ni mo ń bá wí.

Samuel Johnson, tí ó ń gbé Ìbàdàn ní àkókò náà, sọ ọ́ lọ́nà mìíràn. Ó ní àwọn ẹrú Ẹfúnṣetán fúnra rẹ̀ ni wọ́n pa á lóru, lẹ́yìn tí Ààrẹ Látòósà ti rọ̀ ọ́ lóyè. Ó to ẹ̀sùn Ààrẹ lẹ́sẹẹsẹ: Ìyálóde kò bá a lọ sógun, kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí i lójú ogun, kò sì jáde wá pàdé rẹ̀ nígbà tí ó dé. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ìyà àwọn ẹrú nínú ẹ̀sùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Síbẹ̀, Johnson kò wẹ̀ ẹ́ mọ́. Ó sọ pé lẹ́yìn tí ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo kú sórí ìkúnlẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí hùwà ìkà sí ẹrúbìnrin tí ó bá lóyún.

Ó yẹ kí á bi Johnson pàápàá léèrè ọ̀rọ̀. Òjíṣẹ́ ìjọ ni, ìran Aláàfin Abíọ́dún sì ni. Ó parí ìwé rẹ̀ ní 1897, ṣùgbọ́n ìwé náà sọnù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àbúrò rẹ̀, Obadiah, ni ó tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Ta ni ó sọ fún Johnson? Kí ni ẹni tí ó sọ ọ́ ń fẹ́? Kí ni àwọn ẹrú ìbá sọ, bí ẹnì kan bá bi wọ́n? Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá lè bi ìwé ní irú ìbéèrè wọ̀nyí kò tíì mọ ìtàn ìgbésí-ayé kà. Báwo ni yóò ṣe mọ̀ ọ́n kọ?

Wọn yóò ní ìwé kò sí ní ilé-ìkàwé wa. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ènìyàn wà nílé. Kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ ìtàn ìyá rẹ̀ àgbà. Kí ó gbọ́ tẹnu ìyá náà, kí ó gbọ́ ti orogún rẹ̀ àti ti ẹni tí wọ́n jọ ń tajà lọ́jà. Kí ó wo ẹ̀yìn àwòrán àtijọ́, kí ó ka ìwé gbèsè àti ìwé ilẹ̀. Níbi tí ọ̀rọ̀ wọn kò bá ti dọ́gba, kí ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Kí ó sì yá, nítorí pé àwọn tí wọ́n mọ̀ ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìwé ètò ìsìnkú nìkan ni yóò sì ṣẹ́kù lọ́wọ́ wa.

Èmi náà ti fún májèlé Ẹfúnṣetán ní máàkì rí, mo tilẹ̀ kọ “Ó dára” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí mo bá kú, tí akẹ́kọ̀ọ́ mi kan bá fẹ́ kọ ìtàn mi, kí ó má ṣe yọ ìyẹn kúrò.